Abẹ Tí Mo Yà Sí Mímọ́

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jẹ́ kí orin dákẹ́ díẹ̀. Ẹ̀gún ti há mi lọ́fun láti bí ogójì ọdún, òní ni n óò pọ̀ ọ́. Irọ́ lè sáré lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan péré ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ẹ má gbé àga fún mi o. Bí mo bá jókòó, n kò ní lè sọ ọ́.

Nígbà tí owó epo ń ya wọ Warri bí àgbàrá, èmi Ìyádùnní ni mo ń gbẹ̀bí fún àwọn Yorùbá tó wà ní àdúgbò Igbudu níbí. Abẹ kan ṣoṣo ni mo fi ń gé ìwọ́. Ọjọ́ méje ni mo fi gbàdúrà sí i, mo fi aṣọ funfun wé e. Nọ́ọ̀sì ìjọba kan bẹ̀ mí pé, "Mama, abeg, boil am, or use new one." Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹlẹ́yà. Mo ní ohun tí a ti yà sọ́tọ̀ fún Olúwa, ta ni yóò tún tì í bọ omi gbígbóná? Ìgbéraga ni, ẹ má pè é ní ìgbàgbọ́. Mojọlá, ìyàwó Akíndúró tí iléeṣẹ́ rẹ̀ gbé wá láti Èkó, wá bí ọmọbìnrin. Mo tú aṣọ funfun náà, mo rí ìpáàrà lẹ́nu abẹ. Ojú mi rí i! Bíléèdì tuntun tí Akíndúró rà ṣì wà lórí tábìlì nínú bébà tí wọ́n fi wé e. Ṣùgbọ́n kí n mú tuntun lójú gbogbo wọn, kí wọ́n lè sọ pé àdúrà mi ti dógùn-ún? Mo fi etí ìró mi nu abẹ náà, mo gé ìwọ́.

Ọ̀rẹ́ mi Kúbúrátù, ìyàwó Bàdírù oníṣòwò aṣọ láti Ọ̀yọ́, ló ń wẹ ọmọ náà. Yàrá òun àti Mojọlá kángun síra. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì rọ́mọ bí, ó sì ń kì í ní "Àjọkẹ́, ọmọ tí a jọ kẹ́, tí kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo." Ní ọjọ́ keje, nígbà tí a ti ń to oyin àti orógbó sílẹ̀ fún ìkómọ ọ̀la, ọmọ kọ ọyàn. Mojọlá figbe ta: "Ìyá, ẹ gbà mí, kò lanu mọ́ o!" Bí a bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun ọfà, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú láìlórúkọ. Lánledì tó ni ilé náà kọjú sí mi: "Mama, na who do am?" Abẹ náà wà nínú àpò mi, ó ń jó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹyín iná. Yéè, ẹnu mi! Mo ní Ẹ̀mí fi hàn mí pé ọwọ́ àgàn tó ń wẹ ọmọ ló pa ọmọ. Kúbúrátù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. "Ìyádùnní, èmi kẹ̀? Èmi àti ìwọ tá a jọ ń jẹun?" Ará ilé àti ará ìjọ fi ìgbálẹ̀ lù ú jáde. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Bàdírù kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo ju abẹ sódò ní Ubeji, mo padà wá darí àdúrà ọpẹ́. Ọpẹ́ kí ni?

Lọ́dún tó kọjá, Bísí ọmọ ọmọ mi, tó ń kọ́ nípa àrùn ní yunifásítì, ló là mí lójú. Ó ní kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ń gbé inú erùpẹ̀ àti ìdọ̀tí. Bí abẹ ẹlẹ́gbin bá gbé e wọ egbò, yóò pọn májèlé síbẹ̀. Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe àrùn náà. "Mama, e get two parts," ó ní, apá méjì ni májèlé náà ní, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so wọ́n pọ̀. Apá ńlá á dì mọ́ iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ara bí àlejò tó dì mọ́ onílé, á sì ṣílẹ̀kùn. Apá kékeré tó bá a wọlé ni ọ̀bẹ. Wọn á bá iṣan gòkè dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀bẹ náà á wá gé ohun tó ń jẹ́ kí àṣẹ "ó tó, sinmi" lè jáde sí ẹran ara. Ni ẹran ara á bá máa fà, tí kò ní mọ ìgbà tí yóò dẹ̀. Mo ní kó dákẹ́. Àgbọ̀n tèmi náà ti há. Ṣebí bí mo ṣe rí nìyẹn: ọwọ́ kan dì mọ́ Kúbúrátù, èkejì gé e.

Mo wá a dé Ọ̀yọ́ lóṣù tó lọ. Ó ti darúgbó, ó ń dá gbé. Mo kúnlẹ̀, kò bú mi. Ó ní, "Ìyádùnní, ṣé inú yàrá lo ti bà mí lórúkọ jẹ́, tí o fi wá ń tọrọ ìdáríjì nínú yàrá? Padà sí Warri." Mo ti padà dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbẹ̀bí, bíléèdì tuntun ni kí ẹ lò, ẹ jẹ́ kí aboyún gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Àdúrà kì í bínú omi gbígbóná. Ẹ má tíì dárí jì mí. Àwọn tó bá mi lé e jáde ṣì wà láàrin yín, mo mọ̀ yín lójú. Ẹ dìde, kí a jọ sọ ọ́ kí Igbudu gbọ́: Kúbúrátù kò pa ọmọ.