Iṣu Tuntun Tí Mo Kọ́kọ́ Jẹ ní Ilé Onílé

Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ilé tó yí wa ká ní Bantè ni wọ́n ti ń gún iṣu tuntun. Mò ń gbọ́ ìró odó lápá ọ̀tún, mò ń gbọ́ ọ lápá òsì. Ilé tiwa nìkan ni odó dákẹ́ sí. Kì í ṣe pé iṣu kò sí. Iṣu tí mo fọwọ́ ara mi kọ ebè rẹ̀, tí mo fọwọ́ ara mi wà, ó wà nínú yàrá níbẹ̀ yẹn, àwọn èèyàn mi sì ń jẹ ìrẹsì àti gàrí bí ẹni tí òjò kò rọ̀ fún. Èmi ni mo fà á. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló ṣe mí lóore lọ́jà, èmi náà sì fi oore san án fún un, oore méjèèjì yìí ló wá da ilé mi rú. Ṣé ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín, nítorí àwọn tí a jọ ń gbé ti dá ẹjọ́ náà kí n tó rò ó tán.

Olórí kunkun ni wọ́n ń pè mí, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Orí kunkun náà ló jẹ́ kí n mọ̀wé kà. Irun mi ti funfun kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ẹsẹ̀ ìwé, kò sì sí tíṣà kankan tó jókòó tì mí. Ìwé àwọn ọmọ-ọmọ mi ni mo máa ń ṣí nígbà tí wọ́n bá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ní kí n má mu omi, ìgbà yẹn gan-an ni òǹgbẹ máa ń gbẹ mí. Ó kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Nígbà ayé rẹ̀, òun ló máa ń lọ sí Savalou lọ ra nǹkan ọdún iṣu, nítorí àsìkò yẹn ni àwọn ọmọ máa ń wálé láti Cotonou àti Parakou, ilé á sì kún dé ẹnu ọ̀nà.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é ní agbo ilé wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu kí àgbà ilé tó jẹ ẹ́. Àgbà á kọ́kọ́ bu díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, á fi epo jẹ díẹ̀, lẹ́yìn náà á máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú fún kálukú, láti orí ẹni tó tẹ̀ lé e títí dé orí ọmọ ọwọ́. Ẹnu tí àgbà á fi ṣe é gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnu tí iṣu ọdún náà kò tíì kàn níbòmíràn. Bí iṣu bá ti jáde, bàbá mi kì í gba omi mu mọ́ ní ilé àna rẹ̀, kí wọ́n má baà gbé abọ́ tẹ̀ lé omi náà. Ìgbà tí àgbà bá sì kú nìkan ni ẹnu ẹni tó tẹ̀ lé e ń bọ́ sí ipò. Èmi ni àgbà ilé wa báyìí.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin mi àgbà, Rosali, tó ń kọ́ni nílé ìwé ní Parakou, ti dé ṣáájú àwọn yòókù. Ó ní òun á lọ sọ́jà. Mo ní èmi ni n óò lọ. Ó ní kí á jọ lọ. Mo bi í pé ṣé ojú mi ló fọ́ ni, àbí ẹsẹ̀ mi ló kán. Ó gbé àpò ọjà lé mi lọ́wọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò fẹ́ kí ó rí bí màá ṣe dúró láàárín ọjà láìmọ ohun tí màá rà. Àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn ti kú á mọ ohun tí mò ń wí. Ọjọ́ pípẹ́ ni mo fi jẹ ọbẹ̀ obìnrin yẹn, n kò sì bi í léèrè rí pé kí ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn ará Savalou ti ṣe ọdún tiwọn nígbà tí mo dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wá láti òkè òkun àti láti ìlú ńlá ṣì kún ojú ọ̀nà. Ibi ìrẹsì ni mo kọ́kọ́ lọ. N kì í gba ọ̀rọ̀ ọlọ́jà gbọ́, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka sí ara àpò náà, mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Kò tètè tán. Ẹni tó ń tà á fọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá, ìrẹsì ni o, kì í ṣe Bíbélì."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò gbé ìka kúrò. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn mi, ohùn náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe èmi ló fi ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á tán jàre. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ibi tó parí sí."

Mo kà á tán. Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ ẹ́ láìmọ ibi tó ti wá." Ó ra tirẹ̀. Mo rò pé ó parí síbẹ̀, àfi bí mo ṣe dé ibi ẹja gbígbẹ tí mo tún rí i níwájú mi. Ẹja náà pọ̀ lóríṣiríṣi, dúdú, pupa, títẹ́ pẹrẹsẹ, kíká bí òrùka. Mo dúró, mò ń wò wọ́n, wọ́n ń wò mí. Ẹlẹ́ja bi mí pé èwo ni mo fẹ́, mo ní èyí tí ìyàwó mi máa ń rà. Ó ní ta ni ìyàwó mi. Obìnrin yẹn sún mọ́ mi, kò bi mí pé ṣé ìyàwó mi ń ṣàìsàn ni àbí ó rìnrìn àjò. Bóyá ó rí i lójú mi. Ohun tó bi mí ni pé, "Bàbá, ọbẹ̀ náà, ṣé ó máa ń ní òórùn èéfín díẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé ẹ máa ń yọ egungun lẹ́nu?" Mo ní rárá, ó máa ń yọ́ pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ ni. "Ṣé epo rẹ̀ máa ń léfòó pupa, àbí ó máa ń ṣú?" Mo ronú títí. Mo ní ó máa ń ṣú. Ó nawọ́, ó mú ẹja kan, ó gbé e sí mi nímú, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná ìyàwó mi. Omi gba ojú mi níbẹ̀, láàárín ọjà, lójú ẹlẹ́ja. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ láti orí àtẹ kan sí òmíràn, ó ń bi mí bí ọbẹ̀ ṣe rí, èmi ń rántí, ó ń mú nǹkan.

Senami ni orúkọ rẹ̀. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà, ó ní kí n wá sinmi kí n tó wọ ọkọ̀ tàsí, ó sì ti gbé ẹrù mi kí n tó lè ní rárá. Ní ọ̀nà ni mo bi í pé báwo ló ṣe ń sọ èdè wa tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti àwọn Mahi. Ó ní Mahi ni ìyá òun, ṣùgbọ́n ọmọ Akpassi, lápá ọ̀dọ̀ wa ní Bantè, ni bàbá òun, iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé e wá sí Savalou tí kò sì padà mọ́. Ó ti kú, lẹ́yìn ọdún iṣu èṣí. "Bí ẹ ṣe ń ka àpò ìrẹsì yẹn, tí ẹ kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn," ó ní, "òun gan-an nìyẹn. Ẹ̀ bá rí i nígbà tó bá ń wo bí ògiri ṣe dúró."

A dé ilé, mo jókòó, ó gbé omi wá. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹbí ìyá mi ti jẹ tiwọn. Àwọn ará ilé bàbá mi ní Akpassi kò mọ̀ wá mọ́. Ọkọ mi wà ní Abidjan. Iṣu wà nílẹ̀, àwọn ọmọ mi sì ń wo ẹnu àwọn aládùúgbò. Bàbá mi ló máa ń bù ú fún wọn. Mo ti gbìyànjú kí èmi bù ú, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ bá wa fẹnu kàn án."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí. N kò gbàgbé. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ogbó ló ń dà mí láàmú. Mo rántí bàbá mi, mo rántí pé ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ilé wa fẹ́ jẹ tiwa. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tó kéré jù ti jókòó sórí ilẹ̀ níwájú mi, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Senami gbé iṣu sísè wá, mo bu díẹ̀ sílẹ̀ fún bíríkìlà náà. Mo fi epo jẹ ẹ́. Mo bù ú fún Senami, mo bù ú fún àwọn ọmọ. Senami ń jẹ, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pé epo ti kán sí mi ní irùngbọ̀n. Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti kú, ọjọ́ náà ni oúnjẹ kọ́kọ́ dùn lẹ́nu mi.

Bí mo bá ti dákẹ́, ta ni ìbá mọ̀? Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ilé pé, wọ́n gbé iṣu síwájú mi. Mo bu ti àwọn tó ti lọ sílẹ̀. Mo gbé tèmi, ó dé ẹnu, ọwọ́ mi dúró. N kò lè fi ẹnu tó ti jẹ ẹ́ tan àwọn ọmọ mi jẹ. Mo gbé e padà sínú abọ́, mo sì sọ ọ́ fún wọn.

Àbúrò mi, Ajíbádé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ na ọmọ mi nítorí pé ó sun iṣu kan jẹ lóko?"

Rosali ní, "Papa, Ọlọ́run kò ka èyí sí. Ẹ jẹ́ ká jẹun, ọbẹ̀ ń tutù." Ó rò pé òun ń gbè mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó dé ibi ẹja, dé ibi tí obìnrin náà ti gbé ẹrù mi, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ ní n kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé yín," ó ní. "Bí ọbẹ̀ màmá mi ṣe rí, ẹ̀yin ò lè bi èmi? Èmi tí mo bá a dáná?" Ó dìde, ó wọlé lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó padà sí Parakou.

Ajíbádé ní kí òun bù ú nígbà náà, kí ilé lè jẹun. Mo kọ̀. Bí ó bá bù ú, ó túmọ̀ sí pé mo ti kú nìyẹn. N kò tíì kú. Òun náà ní bí èmi bá bù ú, òun kò ní jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a wà títí di òní. Àwọn ọmọ tó wá láti Cotonou ti padà lọ láìtọ́ iṣu wò.

Lẹ́yìn èyí ni Senami pè mí lórí fóònù. "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àwọn ọmọ ò jẹ́ kí n gbádùn, wọ́n ní níbo ni bàbá ọjọ́ yẹn wà. A fẹ́ wá kí yín lọ́jọ́ ọjà Bantè tó ń bọ̀." Inú mi dùn débi pé mo ti ní kí wọ́n máa bọ̀ kí n tó ronú. Lẹ́yìn tí mo ronú tán ni èrò kan wá sí mi lọ́kàn. Bí Senami bá jẹ́ ọmọ mi, ṣé ilé rẹ̀ kì í ṣe ilé mi? Ṣé ẹnu mi kúrò nílé nígbà náà? Mo lọ bá Ajíbádé, mo sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, inú ni àwọn obìnrin fi ń bímọ. Ẹ̀yin fẹ́ fi ẹnu bí."

Nígbà tó nu ojú tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Bí ẹ bá pè é lọ́mọ lójú gbogbo wa, mo gbà, ẹ bu iṣu, èmi náà á jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ ni o. Ẹ ò ní pè é lọ́mọ lásìkò iṣu kí ẹ wá pè é lálejò lọ́jọ́ tí a bá ń pín oko kajú. Bí ẹ bá sì pè é lálejò, ẹ ti jẹ níta nìyẹn, kí ẹ sún fún mi kí n bù ú."

Mo pe Rosali. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Papa, ẹ ṣe é bí ẹ bá ṣe fẹ́. Ṣebí bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe."

Ohun tó ń dà mí lọ́kàn rú ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn Senami. Bí kò bá sí wàhálà iṣu yìí, n bá pè é lọ́mọ láìbi ẹnì kan léèrè. Ṣùgbọ́n wàhálà ti wà báyìí, n kò sì mọ̀ mọ́. Bí mo bá pè é lọ́mọ, ṣé nítorí tirẹ̀ ni, àbí nítorí ipò mi? Ọmọ bíríkìlà yẹn kò wá sọ́dọ̀ mi láti fi ara rẹ̀ tún ẹnu mi ṣe. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan bàjẹ́. Bí mo bá sì pè é lálejò kí Rosali má baà rò pé mo ti fi ẹlòmíràn rọ́pò òun, ṣé ọmọ kan ò ní pàdánù bàbá lẹ́ẹ̀mejì? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo gbọ́. Ta ló ń tún orí àgbà náà ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ olórí ilé, ọ̀la ni ọjà Bantè. Ajíbádé ti ní òun á jókòó sí iwájú ilé láti àárọ̀. Senami á dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Bàbá, a dé o." Gbogbo ojú á wà lára mi. Ẹ bá mi sọ ọ́, ṣé kí n ní, "Ọmọ mi, káàbọ̀," ni, àbí kí n ní, "Àlejò wa, ẹ káàbọ̀"?