Èmi Ni Mo Ṣí Pèrègún Ọdẹ́wálé Nípò

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Tinúadé, pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, n kò sì ní gbé e wọ sàréè. Èmi tí gbogbo Ìlódè ń pè ní Tíṣà yìí, olè ni mí.

Ẹ mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni límíìtì. Mo máa ń sọ pé eré tí mọ́tò kò gbọdọ̀ sá kọjá, límíìtì ni. Ọjọ́ orí tí ìjọba kò ní gbani síṣẹ́ mọ́, límíìtì ni. Ibi tí sùúrù ènìyàn parí sí, òun náà ni. Màá wá ní, "Ibi tí pèrègún bá wà lóko bàbá yín, límíìtì yín nìyẹn." Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́. Ẹnu mi dùn, àbí?

Oko kòkó èmi àti Ọdẹ́wálé ló pààlà. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni. Ìlà kòkó kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ tó máa ń so wìtìwìtì, ojú mi kò sì kúrò lára rẹ̀. Lásìkò òjò kan tó lọ kí àna rẹ̀ l'Óǹdó, mo hú pèrègún ààlà wa, mo lọ rì í sí ẹ̀yìn ìlà kòkó yẹn. Pèrègún kì í pẹ́ ta gbòǹgbò lójò. Ebi kò pa mí o, ojúkòkòrò lásán ni.

Nígbà tí Ọdẹ́wálé dé, ó rí i. Àṣìṣe tirẹ̀ ni pé kò pe àgbà kankan, bẹ́ẹ̀ ẹnìkan kì í dá fọwọ́ kan ààlà. Ó rò pé àwọn lébìrà ló ṣèèṣì ṣí i, ó mú ọkọ́, ó ń hú u kó lè rì í padà sí àyè rẹ̀. Mo bá a níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ wá bá mi di èyí mú." Mo figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Ọdẹ́wálé ń ṣí ààlà!" Àwọn tó wà lóko tòsí sáré dé, wọ́n bá ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Níwájú àwọn àgbà, ó ní, "Mo fi Ọlọ́run búra, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni mò ń dá a padà sí." Mo dìde, mo ní, "Ọdẹ́wálé ti kọjá límíìtì ẹ̀." Wọ́n gba tèmi gbọ́ torí pé mo mọ̀wé.

Èyí tó burú jù nìyí. Hàjàrá, ìyàwó rẹ̀, náà gbà mí gbọ́. Ó mú ọkọ rẹ̀ wá sí pálọ̀ yìí, ó sọ fún un pé, "Bàbá Tiwaladé, ẹ bẹ Tíṣà. Ìtìjú yìí ti pọ̀ jù." Ọkùnrin náà wò mí títí. Ó mọ̀, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Mo ní mo ti dárí jì í. Èmi! Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Hàjàrá ṣì ń gbé ọsàn wá fún mi, ó ń dúpẹ́ pé mo fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ òun. Mo sì ń jẹ ẹ́.

Tinúadé, nu ojú rẹ. Ẹ dá ilẹ̀ náà padà, ìyẹn kò le. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ má fi ìwé yín fún olóòótọ́ lọ́rùn láéláé. Ẹ pe Hàjàrá wá, kí àwọn àgbà tó kù náà wá. Kó dárí jì mí, kó má dárí jì mí, ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn wà. Ṣùgbọ́n ẹ yára, torí pé láti ọjọ́ tí obìnrin yẹn ti di opó ló ti ń bínú sí òkú tí kò ṣẹ̀ ẹ́.