Abẹ́rẹ́ Tó Lé Ṣọ́jà Padà sí Bárékè

Kò tíì pẹ́ tí ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá, mo tò sẹ́yìn tọkọtaya àgbà kan ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn ní Pedro.

Ìyàwó ní: "Dádì, ẹ jẹ́ ká pa abẹ́rẹ́ yìí tì. Ó wo èépá ẹ̀yìn yín sàn, ó wá gbé ara yíyún sí yín lọ́rùn."

"Dókítà ní ká má pa á tì. Àwọn ṣọ́jà inú ara mi tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló ń bá awọ mi jà tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ lé wọn padà sí bárékè, ni àwọn ọlọ́pàá inú ara bá gba títì, àwọn ló ń yún mi lọ́rùn. Ìwọ ṣáà máa bá mi fi òrí pa ọrùn."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Látìgbà tí ẹ̀yìn yín ti jinná, ẹ ò pè mí wá pa òrí mọ́. Ẹ̀yìn gbàgbé mi, ọrùn ló wá rántí mi."