Káàdì Tí Yóò Gba Ojú Alága

[Fóònù dún títí kí wọ́n tó gbé e. Onífọ́tò kan ló ń pè, láti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò kámẹ́rà. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e, ní yàrá dókítà etí. Fáànù ń ké lọ́dọ̀ ọkọ. Lọ́dọ̀ ìyàwó, àga kan ń dún kíì, kíì.]

ONÍFỌ́TÒ: Haló, Ìyá Alága. Ẹ kú ìjókòó, ìwọ àti ọmọ. Ṣé kò sí o?

ÌYÀWÓ: Kò sí. Níbo lẹ wà?

ONÍFỌ́TÒ: Ṣọ́ọ̀bù. Ìbéèrè kékeré kan ni. Sixty-four ni àbí one-twenty-eight?

ÌYÀWÓ: Kí ni one-twenty-eight?

ONÍFỌ́TÒ: Memory card. Gig. Sixty-four á gba fọ́tò dáadáa, àmọ́ tí n bá ya fídíò mọ́ ọn—

ÌYÀWÓ: Bàbá Alága, dókítà ti wọlé.

ONÍFỌ́TÒ: —fídíò máa ń jẹ àyè bí iná ṣe ń jẹ koríko. Haló? Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo gbọ́. Mo ní dókítà ti wọlé.

ONÍFỌ́TÒ: Bá mi bẹ̀ ẹ́, kó ní sùúrù díẹ̀. Two-fifty-six pàápàá wà níbí.

ONÍṢỌ́Ọ̀BÙ: [lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀] Ọ̀gá, kámẹ́rà yín yìí ti dàgbà. Tí káàdì bá ti ju thirty-two lọ, ó lè má dá a mọ̀ o.

ONÍFỌ́TÒ: Ṣé o gbọ́ ohun tó ń wí? Ó ní kámẹ́rà mi ti darúgbó.

ÌYÀWÓ: Ẹ ra thirty-two, kẹ́ ẹ máa bọ̀.

ONÍFỌ́TÒ: Thirty-two kéré.

ONÍṢỌ́Ọ̀BÙ: Ẹ ra méjì. Ọ̀nà kan ò wọjà.

ONÍFỌ́TÒ: Tí ọ̀kan bá wá kún ńkọ́? Tí mò ń pààrọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́, tí ojú ọmọ wá yí padà nígbà yẹn gan-an? Bí ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Kì í padà wá.

[Network ń gé. Onífọ́tò ń fi èékánná ta gíláàsì tí wọ́n to àwọn káàdì sábẹ́ rẹ̀, ta-ta-ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé iye tí wọ́n pè é ló ń dùn ún.]

ÌYÀWÓ: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Dókítà ti yẹ ojú iṣẹ́ abẹ ẹ̀ wò, ó ní ó ti jinná. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí i létí. Títàn ló kù.

ONÍFỌ́TÒ: Ó... ṣé ó sunkún?

ÌYÀWÓ: Alága? Àga dókítà ló gbà. Ó ń yí i kiri bíi pé òun ló ni ọsibítù.

ONÍFỌ́TÒ: [ó rẹ́rìn-ín díẹ̀] A ò kúkú ṣèèṣì sọ ọ́ lórúkọ.

ÌYÀWÓ: Káàdì tó wà nínú kámẹ́rà yín ńkọ́?

ONÍFỌ́TÒ: Ó ti full.

ÌYÀWÓ: Kí ló kún inú ẹ̀? Iṣẹ́ ìgbéyàwó ọjọ́sí, ojú mi lẹ ṣe kó o sórí kọ̀ǹpútà.

ONÍFỌ́TÒ: Àwọn nǹkan kan ṣì wà níbẹ̀.

ÌYÀWÓ: Nǹkan wo?

ONÍFỌ́TÒ: Line yìí ń... Haló? Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mò ń gbọ́ yín ketekete. Nǹkan wo?

[Èékánná tún bẹ̀rẹ̀ lórí gíláàsì, ta-ta-ta.]

ONÍFỌ́TÒ: Ti ọjọ́ yẹn.

ÌYÀWÓ: Ọjọ́ tí wọ́n dán ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wò?

ONÍFỌ́TÒ: Èyí tí wọ́n fi kọ́ ọ létí, tí kò ṣiṣẹ́. Mo ní tó bá ti gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ojú ẹ̀ á yí padà, màá sì mú un. Mò ń tẹ kámẹ́rà, mi ò ṣíwọ́, títí wọ́n fi ní ó tó. Ojú kan náà ni, Ìyá Alága. Láti àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn, ojú kan náà.

ÌYÀWÓ: Ẹ pa wọ́n rẹ́.

ONÍFỌ́TÒ: Ọwọ́ mi ò gbà á. Ọmọ mi ni.

ÌYÀWÓ: Ẹ wá gbé e mọ́ra láti ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

ONÍFỌ́TÒ: Kí n wí kí ni? Ìdí tí mo fi ní kí n ra èyí tó tóbi nìyẹn. Tó bá fẹ́ pẹ́ kó tó gbọ́, àyè á wà, káàdì ò ní—

ÌYÀWÓ: Bàbá Alága, ẹ yíjú sẹ́yìn.

ONÍFỌ́TÒ: Ẹ̀n?

ÌYÀWÓ: Ẹ wo òdìkejì títì, fèrèsé òkè ọsibítù. Àtìgbà tẹ́ ẹ ti pè ni mo ti ń wo ẹ̀yìn yín nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Káàdì kọ́ lẹ̀ ń rà.

[Onífọ́tò yíjú sẹ́yìn. Èékánná dákẹ́ lórí gíláàsì.]

ONÍFỌ́TÒ: Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ tún fojú rí i pé kò gbọ́.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Èmi ni mo ṣì jókòó tì í.

ONÍFỌ́TÒ: Má bínú. Jọ̀ọ́, má bínú.

DÓKÍTÀ: [obìnrin, lọ́ọ̀ọ́kán] Màmá, mo ti tàn án o. Ẹ bá a sọ̀rọ̀.

ÌYÀWÓ: Alága. Alága mi.

DÓKÍTÀ: Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹnu yín ló ń wò, ó ti mọ̀ ọ́n kà. Ẹ bọ́ sẹ́yìn ẹ̀.

[Kíì, kíì, kíì.]

ÌYÀWÓ: Ibi tí mo bá yà sí, ó ń yí àga tẹ̀lé mi.

DÓKÍTÀ: Ta ló wà lórí fóònù yẹn? Bàbá ẹ̀? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohùn tí ò ní rí ẹnu tó ti jáde la fẹ́. Ẹ tan speaker, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́yìn ọmọ.

ÌYÀWÓ: Bàbá Alága, ẹ ti wà lórí tábìlì lẹ́yìn ẹ̀. Èmi ti padà síwájú, èmi ló ń wò. Ẹ pè é.

ONÍFỌ́TÒ: Kí n ní kí ni?

ÌYÀWÓ: Ohun tó bá wá sẹ́nu yín.

[Mọ́tò kan kọjá ní títì. Onífọ́tò wúkọ́, ó tún wúkọ́.]

ONÍFỌ́TÒ: Alága. Bàbá ẹ ni. Mo wà nítòsí, mo kàn... Ṣé o gbọ́ mi?

[Àga tó ń dún tẹ́lẹ̀ dákẹ́.]

ONÍFỌ́TÒ: Alága, ṣé o gbọ́ mi?

[Kíì. Ẹyọ kan, ó gùn.]

ÌYÀWÓ: [jẹ́jẹ́] Ó ti yí. Ó fi èmi sílẹ̀, ó yí sí fóònù. Ó ń wò ó bíi pé ẹ máa jáde níbẹ̀. Bàbá Alága, ojú ẹ̀ kì í ṣe ojú ọjọ́ yẹn.

[Ìjókòó kan ṣubú lulẹ̀. Ìlẹ̀kùn gbá. Ariwo títì, bàtà tó ń sáré.]

ÌYÀWÓ: Haló? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ—

ONÍṢỌ́Ọ̀BÙ: [ohùn rẹ̀ ń jìnnà sẹ́yìn] Ọ̀gá, ẹ gbàgbé kámẹ́rà yín—

[Ìpè já.]