Bí Yàrá Glafira Ṣe Di Tiwa

Kapa, fi aṣọ tó ò ń ká yẹn sílẹ̀ ná, jókòó. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ náà, ẹ sún mọ́ mi, ohùn mi ò lọ jìnnà mọ́. Dókítà bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí n ò fi ní gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ́run. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti há sí mi lọ́fun bí eegun ẹja. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ìjọba ló fún wa ní yàrá tá a gbé ní ìlú Tver, yàrá tó ní fèrésé méjì yẹn. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, irọ́ ni mo pa. Yàrá ẹni tó ṣe mí lóore ni, ẹnu mi ni mo sì fi gbà á.

Ọdún 1929 ni. Kapa, ọmọ ọdún mẹ́rin ni ẹ́, bàbá ẹ ti kú. Ìdílé mẹ́jọ la wà nínú ilé kan, ilé ìdáná kan, kálukú gbé sítóòfù ẹ̀ sórí tábìlì ẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ máa ń ti ìkòkò wọn ní kọ́kọ́rọ́. Èmi àti ìwọ, yàrá ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná là ń gbé. Kò ní fèrésé, omi máa ń ṣàn lára ògiri ẹ̀. O wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Dókítà fi etí sí ẹ láyà, ó ní, "Ìyá Kapa, oògùn kọ́ lèyí ń fẹ́. Yàrá tó gbẹ ni, àti oòrùn. Tí ò bá rí i, n ò rò pé á rí òpin ìgbà òtútù tó ń bọ̀." Mo sáré lọ bá Zhmakin, alága ilé wa, òun ló ń pín yàrá. Ó ń jẹ èso òdòdó-oòrùn, ó ń tu èèpo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Kọ́múréédì Ustinya, ṣé kí n yọ yàrá látinú àpò mi ni? Àfi tẹ́nì kan bá kú, tàbí tẹ́nì kan bá kó lọ." Àwàdà ló ń ṣe. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ta ló wá wà nínú yàrá oòrùn, tó ní fèrésé méjì yẹn? Glafira Arsenyevna ni. Obìnrin tín-ín-rín, á tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó fi òwú so apá awò ojú ẹ̀. Òun ló ń kọ́ àwa obìnrin ilé iṣẹ́ aṣọ níwèé, torí wọ́n ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ mọ̀wé. Èmi ni mo gọ̀ jù. Á di ọwọ́ mi mú, á ní, "Ustinya, pẹ́ńsùlù ni, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ìwé yẹn ò ṣẹ̀ ẹ́." Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Tí mo bá sì wà níbi iṣẹ́, òun ló máa ń gbé ẹ wọ yàrá ẹ̀ kó o lè yáàrùn. Mi ò bẹ̀ ẹ́ o. Fúnra ẹ̀ ni.

Lọ́dún yẹn, nígbà tí Àjíǹde ń sún mọ́lé, Glafira bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo àlùbọ́sà jọ ní ilé ìdáná. Gbogbo obìnrin ilé mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ẹyin ni wọ́n ń fi í pa láró. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí kò sẹ́ni tí ò ṣa tiẹ̀ pamọ́. Ó fún ẹ ní ẹyin pupa kan. Bó ṣe ń nu ọwọ́, ó sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ìyá Kapa, àlùfáà ni bàbá mi. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé olùkọ́ ni. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Ó ti sú mi láti máa dá a gbé." Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò mọ ayé ìgbà yẹn, ìjọba ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ọlọ́run rárá. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ọmọ àlùfáà ni ẹ́, kò sí káàdì tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ, kò sí iṣẹ́ olùkọ́, kò sí yàrá.

Ó yẹ kó kú sí mi níkùn. Mo sọ ọ́ fún Motya, aládùúgbò wa, níbi tá a ti ń fọṣọ. Motya ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ọmọ ẹ ń kú lọ, o wá ń káàánú ọmọ àlùfáà. Fèrésé méjì, Ustinya. Tó ò bá sọ ọ́, èmi máa sọ ọ́, yàrá á sì di tèmi." Mi ò ní ti ẹ̀bi sí Motya lọ́rùn. Ẹsẹ̀ tó lọ bá Zhmakin, ẹsẹ̀ tèmi ni. Zhmakin ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ tí Glafira dì mú tó fi mọ̀wé kọ náà ni mo fi kọ ọ́: "Àlùfáà ni bàbá Glafira Arsenyevna." Mo sì fọwọ́ sí i, mo tiẹ̀ ń yangàn nínú ara mi pé mi ò ṣe àṣìṣe kankan. Ẹ gbọ́ nǹkan tí mo sọ yẹn o. Mo ń yangàn.

Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n bi í, kò jiyàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún un láti kó jáde, wọ́n ní kí èmi kó wọbẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó pè mí wọ yàrá. Mo ti ń múra ìgbájú sílẹ̀. Ó kàn fi ọwọ́ lé ara ààrò ńlá tó ń mú yàrá gbóná, ó ní, "Ìyá Kapa, ààrò yìí lágídí. Ṣí ihò òkè kó o tó dáná, má sì tètè tì í, èéfín ẹ̀ ń pààyàn. Ibùsùn ọmọ, sún un sí apá òsì. Láti aago mẹ́wàá loòrùn ti ń dé ibẹ̀." Ó mọ̀. Èmi wá ní, "Ẹ ṣé, mà." Ohun tí ẹnu mi rí sọ nìyẹn. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ikọ́ ẹ ti lọ.

Ẹ fún mi lómi díẹ̀. Ẹ ṣeun. Èyí tó burú jù ló kù.

Ọdún kejì, lẹ́tà dé. Ẹnikẹ́ni ò kọ lẹ́tà sí mi rí láyé mi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo kà á fúnra mi, tọ́rọ̀ tọ́rọ̀: "Ustinya, ìwọ ni mo kọ ọ́ sí torí mo mọ̀ pé o lè kà á láì fi han ẹlòmíì. Àríwá ni wọ́n mú mi wá, níbi tí wọ́n ti ń fipá mú wa gé igi. Tó o bá lè sá búrẹ́dì díẹ̀ gbẹ, bá mi fi ránṣẹ́. Ebi ń pa wá. Báwo ni Kapa? Ṣó ti ń dá álífábẹ́ẹ̀tì mọ̀?" Mo sá a o. Ọlọ́run ń gbọ́, mo gé búrẹ́dì wẹ́wẹ́, mo tò ó sórí ààrò ẹ̀, mo kó o sínú àpò ìrọ̀rí, ó kún. Motya bá yọjú. Ó ní, "Ta lò ń sá búrẹ́dì fún?" Nígbà yẹn, tí wọ́n bá rí búrẹ́dì tẹ́nì kan ń sá, wọ́n ti mọ̀ pé ó lẹ́ni tí wọ́n mú lọ. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á gbọ́, wọ́n á gba yàrá. Mo ní, "Àwa la fẹ́ jẹ ẹ́." Ó jókòó, ó ń wò mí. Mo da búrẹ́dì yẹn sínú ọbẹ̀ lójú ẹ̀. Ìgbà tó lọ tán, mo ju lẹ́tà sínú iná. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lo fi jẹ ẹ́, Kapa. O ní, "Ìyá, ọbẹ̀ yìí mà dùn."

Kò kọ òmíì mọ́.

Kapa, wò mí. Bú mi, ó sàn ju kó o máa wo fèrésé lọ. Ẹ̀n? Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni, Àǹtí Glafira tó máa ń gbé ẹ sórí itan. O rántí ẹ̀, àbí? Mi ò mọ̀ pé o rántí ẹ̀. Mi ò ní kó o dárí jì mí lórúkọ ẹ̀, o ò lè ṣe é. Lórúkọ tìẹ ni kó o bá mi ṣe é, pé mo fún ẹ ní oúnjẹ ẹni tébi ń pa jẹ, mi ò sì sọ fún ẹ. Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣe ibi lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní nítorí ọmọ yín ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Tèmi jẹ́ òótọ́, kò sì gbà mí sílẹ̀.

Ohun kan ló kù. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé méjì ni wọ́n máa ń ní ká kọ orúkọ sí, ọ̀kan fún àwọn tó wà láàyè, ọ̀kan fún àwọn tó ti kú, kí àlùfáà lè gbàdúrà fún wọn. Mi ò kọ Glafira sí ìkankan rí. Tí mo bá kọ ọ́ sí ti òkú, á dà bíi pé mo pa á lẹ́ẹ̀kejì. Tí mo bá kọ ọ́ sí ti alààyè, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Ọlọ́run? Màá gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀, màá máa lọ sílé. Kapa, bá mi kọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀. Fi ọwọ́ tìẹ kọ ọ́. Èyí tó o bá sì kọ ọ́ sí, wá sọ fún mi, tó o bá ṣì bá mi láyé.