Ọwọ́ Tí Kò Kan Etí

Mọ́tò Bàbá Kékeré dúró sábẹ́ igi ọsàn wa ní Èrìjìyàn, eruku rọlẹ̀ tán, síbẹ̀ wọn kò sọ̀ kalẹ̀. Mo ti sáré jáde láti gba ẹrù, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti kan gíláàsì. Mo rí i pé wọn kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Bùbá lásán ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì ń wo òkè láti inú mọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo rò pé mo gbọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò yé mi.

Àbúrò bàbá mi ni Bàbá Kékeré. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n sì jókòó, wọ́n sọ fún wa pé òfin ní awakọ̀ òfuurufú tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún kò gbọdọ̀ gbé èrò mọ́. Dókítà yẹ ojú wọn wò, ó yẹ ọkàn wọn wò, kò rí nǹkan kan. Òfin ní kí wọ́n lọ sinmi náà ni. Ṣé àìsàn a máa dúró de ọjọ́ tí ènìyàn bá pé ọgọ́ta ni? Bàbá mi, tí ń pọ́n àdá lọ́wọ́, rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀pẹ tí mo gùn lánàá kò béèrè ọjọ́ orí mi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀pẹ kì í gbé èrò.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tó gbé wọn wálé. Wọn kò tíì pé ọgọ́ta ní tòótọ́, ó ku ọdún mẹ́ta gbáko. Nígbà tí wọ́n ń mú bàbá mi lọ sílé ẹ̀kọ́, Bàbá Kékeré, tó ṣì jẹ́ ọmọ kékeré, ń sunkún tẹ̀lé wọn lójoojúmọ́. Àánú ṣe bàbá àgbà, wọ́n fà á lé tíṣà lọ́wọ́. Tíṣà ní kó gbé ọwọ́ gba orí kọjá kó fi kan etí kejì, bí wọ́n ti máa ń dán ọmọdé wò láyé ìgbà náà. Ọwọ́ kò kan etí. Ni bàbá àgbà, olórìṣà Ògún, bá fi ẹnu kan àdá wọn, wọ́n ní ọmọ náà ti dàgbà tó, ọwọ́ rẹ̀ ló kúrú. Ta ni yóò bá Ògún jiyàn? Tíṣà fi ọdún mẹ́ta kún ọjọ́ orí rẹ̀ nínú ìwé. Ẹyin lohùn.

Bàbá mi nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù láyé. Bàbá Kékeré bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá àwọn lọ sí kóòtù ní Aramọkọ lọ́la, kí wọ́n lọ búra pé ọdún mẹ́ta ni a fi kún ọjọ́ orí àwọn, bóyá àwọn á lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá mi fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu àdá wò.

“Irin ni bàbá wa fi búra pé o ti dàgbà. Irin náà ni wọn yóò gbé fún mi ní kóòtù láti fi búra. Ṣé kí n fi pe òkú ní òpùrọ́?”

“Nítorí mo ń sunkún ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀.”

Ni bàbá mi bá padà sídìí àdá. Bàbá mi kò ṣe ìlara, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Bàbá Kékeré náà kò béèrè ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́, kí ni ẹ bá sọ fún wọn? Ta ni kí n dá lẹ́bi, òfin tó ń ka ọdún, àbí baba tó fi ìfẹ́ bu ọdún kún ọdún ọmọ rẹ̀?

Bàbá Kékeré dìde. Wọ́n yà sídìí sàréè bàbá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ulé, wọ́n dúró ṣánṣán bí ọmọ ilé ìwé. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, ó kan etí òsì, ó tilẹ̀ kọjá rẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n sì lọ.