Mẹ́dàlì Ọmọ Tó Ń To Àga

Nínú táksí tó ń ti Turffontein lọ sí Newtown lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, obìnrin méjì níwájú mi ń sọ Yorùbá jẹ́jẹ́. Èyí àbúrò ló ń bójú tó ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó máa ń to àga lẹ́yìn ìsìn, kò sẹ́ni tó rán an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá fi mẹ́dàlì kọ́ ọ lọ́rùn lójú gbogbo wọn, kí àwọn tó kù lè fi í ṣe àwòkọ́ṣe."

"Ó dáa. Ṣé wọ́n ṣe é?"

"Lónìí, ṣe ni wọ́n ń já àga gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́."

"Òun ńkọ́?"

"Ó jókòó ń wò wọ́n. Ó ní, 'Àǹtí, èmi ti gba tèmi.'"

Iná pupa ojú pópó dá wa dúró. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Ìwọ lo sọ fún un."